Bí a ṣe ń lọ aṣọ òwú kí a tó gé e fún kúìlìtì

Aṣọ tó rún kò ṣeé wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ìlọṣọ fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń rán kúìlìtì ju ẹni tó fẹ́ wọ bùbá lọ sóde lọ. Bí bùbá bá rún díẹ̀ lẹ́yìn, ẹni tó bá wò ó nìkan ni yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé rúlà lé aṣọ tó rún, tí ẹ gé e ní íǹṣì 5, íǹṣì 5 kọ́ lẹ gé. Aṣọ tó fara pamọ́ sínú ìrún yẹn yóò jáde nígbà tí ẹ bá lọ̀ ọ́, ìrépé náà yóò sì tóbi ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ.

Fún ẹni tí kò tíì rí kúìlìtì rí, aṣọ ìbora alápá mẹ́ta ni. Ìrépé aṣọ tí a rán mọ́ra wọn ló wà lókè, òwú fúlẹ́fúlẹ́ wà láàárín, aṣọ mìíràn wà nísàlẹ̀, a ó wá fi abẹ́rẹ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Rírán ìrépé pọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo ẹ̀kú egúngún ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóde òní, àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń fi ankara rán kúìlìtì, àwọn aránṣọ nílé náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n lè fi ìrépé abẹ́ tábìlì wọn ṣe.

Aṣọ tí a fi ń rán ojú ìrán kúìlìtì kò ju 1/4 íǹṣì lọ, nítorí náà kò sí àyè àṣìṣe. Bí ìrépé kọ̀ọ̀kan bá fi 1/16 íǹṣì pọ̀ jù, tí ẹ sì to ìrépé 16 sórí ìlà kan, ìlà yẹn yóò fi odindi íǹṣì kan gùn ju ìlà tó tẹ̀ lé e lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè rán méjèèjì pọ̀ tí kò ní wú.

Omi ló ń tú ìrún

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé áyọ́ọ̀nù á gbóná janjan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí apá á fi máa ro wọ́n, síbẹ̀ ojú ìká aṣọ á ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á ní áyọ́ọ̀nù náà kò dára mọ́. Áyọ́ọ̀nù kọ́ ló jẹ̀bi. Omi ni kò sí nínú aṣọ.

Sẹ́lúlóòsì ni òwú, ohun kan náà tó wà nínú igi àti nínú ewé. Ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín ni, wọ́n gùn, wọn kò lóǹkà, wọ́n sì sùn ti ara wọn. Láàárín ẹ̀wọ̀n kan sí èkejì, haidirójìn máa ń so wọ́n pọ̀. Ìso kan ṣoṣo kò lágbára, àmọ́ wọ́n pọ̀ débi pé àpapọ̀ wọn ló ń mú aṣọ dúró bó ṣe wà. Bí a bá jókòó lé aṣọ, tàbí tí a ká a sínú àpótí fún oṣù bíi mélòó kan, tàbí tó gbẹ ní rírún lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́, ìso àtijọ́ á tú, òmíràn á so níbi tí àwọn ẹ̀wọ̀n náà ti wá bá ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrún ṣe ń fìdí múlẹ̀.

Bí omi bá wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí, á tú ìso náà, wọ́n á sì lè yẹ̀ lórí ara wọn. Ìgbóná áyọ́ọ̀nù á mú kí èyí yá, ìwúwo rẹ̀ á tẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà, bí omi bá ti gbẹ tán, tí aṣọ sì ti tutù, ìso tuntun á di aṣọ mú ní títẹ́. Ẹni tó bá ti fi ròlà ká irun tó lómi lára rí mọ bí ó ti rí: bí irun náà bá gbẹ lórí ròlà kí ẹ tó tú u, yóò dúró bí ẹ ti fẹ́; bí kò bá tíì gbẹ tí ẹ ti tú u, yóò padà síbi tó wà.

Ìdí nìyí tí aṣọ fi ń ṣagídí lásìkò ọyẹ́. Òwú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdá 65 nínú 100, omi inú òwú máa ń tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó ní ó gbẹ. Ọyẹ́ á gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Bí òwú bá gbẹ pátápátá, kò ní rọ̀ àfi kí ìgbóná kọjá 200°C dáadáa, ibẹ̀ sì ni aṣọ ti ń pọ́n, tó ń rùn bí ohun tó fẹ́ jó. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń fi ìgbóná nìkan bá aṣọ gbígbẹ jà ń lé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè bà láìba aṣọ jẹ́.

Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa. Kí wọ́n tó gbé áyọ́ọ̀nù eléédú lé aṣọ, wọ́n á ti fọwọ́ wọ́n omi sí i, wọ́n á ká a, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí omi náà lè kárí. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn, fífi í sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé. Omi tí ẹ bá fọ́n tí ẹ sì lọ̀ lójú ẹsẹ̀ máa ń gbẹ lójú aṣọ kó tó wọnú òwú. Ẹ fi ike ìfọ́nmi fọ́n ọn káàkiri títí aṣọ yóò fi ní ọ̀rinrin, kó má sì ro. Ẹ ká a wẹ́rẹ́, ẹ fi í sínú ọ̀rá fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn títí yóò fi gbẹ. Ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí yóò yà yín lẹ́nu. Ẹ má kàn jẹ́ kó sùn sínú ọ̀rá mọ́jú, nítorí ooru ilẹ̀ wa kì í pẹ́ sọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ di èyí tó ń rùn, tó sì hu.

Aṣọ kan wà tí omi kò ní ràn lọ́wọ́. Onímọ̀ kẹ́místírì kan, Ruth Benerito, tó ṣiṣẹ́ ní New Orleans fún ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó wá ọ̀nà tí a fi ń lo kẹ́míkà láti so àwọn ẹ̀wọ̀n sẹ́lúlóòsì pọ̀ pinpin, ní ìso tí omi kò lè tú. Ọdún 2013 ló kú, lẹ́ni ọdún 97. Iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí a ní ṣẹ́ẹ̀tì òwú tí kì í rún àti ṣòkòtò tí ojú ìlọ̀ rẹ̀ kì í kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ gé irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ sínú kúìlìtì, ẹ gé yẹra fún ojú ìlọ̀ náà, ẹ má fi iná mànàmáná ṣòfò lé e lórí.

Ṣé òwú ni lóòótọ́?

Lára áyọ́ọ̀nù, ẹ ó rí àmì kékeré roboto: ẹyọ kan, méjì, tàbí mẹ́ta. Ẹyọ kan kò yẹ kó kọjá 110°C, méjì 150°C, mẹ́ta 200°C. Ẹyọ mẹ́ta ni ti òwú. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní orúkọ ankara ni kì í ṣe òwú. Kí ẹ tó gbé ẹyọ mẹ́ta lé e, ẹ fa òwú méjì mẹ́ta yọ lára rẹ̀, ẹ gbé e sórí àwo, ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ rún un. Pọlísítà á súnkì sá fún iná, á yọ́, á sì di kóró dúdú líle. Bí ó bá jẹ́ àdàpọ̀ àwọn méjèèjì, ẹyọ méjì ló yẹ ẹ́. Ní tèmi, n kò ní fi irú rẹ̀ sínú kúìlìtì kan náà pẹ̀lú òwú gidi, nítorí ìwọ̀n ìgbóná tí ọ̀kan nílò ni yóò ba èkejì jẹ́, ẹ ó sì máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù.

Lílọ̀ yàtọ̀ sí títẹ̀

Ibí ló ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú jù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ kúìlìtì ti ń wọ́. Bí a bá ń lọ aṣọ wíwọ̀, ńṣe là ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, tí à ń fà á bọ̀. Nínú iṣẹ́ kúìlìtì, lẹ́yìn tí a bá ti gé aṣọ, a kì í tì í, a kì í fà á. Ńṣe là ń gbé e lé aṣọ, a ó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a ó gbé e sókè pátápátá, a ó sì gbé e lé ibòmíràn.

Ẹ mú ankara kan kí ẹ dán an wò. Ẹ fà á ní òró, ní ìhà tí etí aṣọ gbà lọ, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí. Kò ní nà. Ẹ fà á ní ìbú, á nà díẹ̀. Ẹ wá fà á láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, yóò nà gan-an. Òwú aṣọ wà ní òró, òmíràn wà ní ìbú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wà láti igun dé igun tó lè dá a dúró. Àwọn ihò onígun mẹ́rin tó wà láàárín òwú kàn ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni.

Kúìlìtì sì kún fún ìrépé onígun mẹ́ta, ó kéré tán ẹ̀gbẹ́ kan lára irú ìrépé bẹ́ẹ̀ ni a ti gé láti igun dé igun. Bí ẹ bá ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná kọjá lórí ẹ̀gbẹ́ yẹn, pàápàá bí èéfín omi bá ń jáde lára rẹ̀, yóò nà, yóò sì tẹ̀ kọdọrọ. Nígbà tí aṣọ náà bá tutù, àwọn ìso tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò dì í mú bẹ́ẹ̀. Omi àti ìgbóná tó ń bá wa tẹ́ ìrún náà ló ń sọ ìwọ́ aṣọ di ohun tí kò ní lọ mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó dára tó báwo, kò lè tún èyí ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó gé aṣọ ni kí ẹ lo omi, kí ẹ lo èéfín, kí ẹ ti áyọ́ọ̀nù bó ṣe wù yín, bí ẹ bá ṣáà ti ń tẹ̀ lé òró tàbí ìbú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e, ẹ pa èéfín, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní gbígbẹ. Bí omi kànga ẹ̀rọ bá ni ẹ ń rọ sínú áyọ́ọ̀nù, ẹ dán èéfín rẹ̀ wò lórí àkísà funfun ná, nítorí èròjà inú irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń dì sínú áyọ́ọ̀nù, ó sì máa ń pọ̀ jáde ní àwọ̀ ìpẹta sórí aṣọ.

Ojú ìrán tún ní tirẹ̀. Bí ẹ bá rán ìrépé méjì pọ̀ tán, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kí òwú ìrán lè rì wọnú aṣọ. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i, ẹ da ojú ìrán sí ìhà aṣọ tó dúdú jù, kó má baà hàn láti abẹ́ èyí tó funfun, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láti iwájú. Ẹ wo ojú ìrán náà dáadáa. Bí aṣọ bá ká díẹ̀ síbẹ̀, kódà bí irun orí, ẹ ti pàdánù ìwọ̀n níbẹ̀. Ìrún tó fara pamọ́ sójú ìrán léwu ju èyí tó wà láàárín aṣọ lọ, torí ojú kì í tètè rí i.

Ìyẹn wá gbé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá. Áyọ́ọ̀nù máa ń gba wáàtì 1,000 sí 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Bí iná bá dé, ẹ lo àǹfààní rẹ̀ láti lọ gbogbo aṣọ tí ẹ kò tíì gé. Bí ẹ bá ń rán ìrépé pọ̀ tí iná sì lọ, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí onírin tàbí èékánná àtàǹpàkò fa ojú ìrán náà lórí tábìlì líle. Kò ní dán bíi ti áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ẹ lè rán èyí tó kàn láìjẹ́ pé nǹkan wọ́.

Ẹ jẹ́ kó tutù

Bí ẹ bá gbé aṣọ nígbà tó ṣì gbóná, tí ẹ sì jù ú sórí àga, iṣẹ́ yín ti di òfo, torí ìso tuntun kò tíì dì. Ẹ fi í sílẹ̀ ní títẹ́ títí yóò fi tutù lábẹ́ ọwọ́ yín. Àwọn aránkúìlìtì máa ń lo ègé igi líle kan tí wọ́n ń gbé lé aṣọ ní kété tí wọ́n bá gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Igi náà á fa ìgbóná àti ọ̀rinrin inú aṣọ mọ́ra, ìwúwo rẹ̀ á sì dì í mú ní títẹ́ títí yóò fi tutù. Káfíńtà àdúgbò lè gé e fún yín. Ẹ kàn ní kó fi bébà ìháragún ha á kó dán, kó má sì kùn ún ní fáníìṣì, nítorí fáníìṣì á lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìlú wa náà mọ agbára igi lórí aṣọ. Àwọn tó ń fi òòlù igi lu àdìrẹ àti gíní, tí aṣọ fi ń tẹ́ tó sì ń kọ mànà, kì í gbé áyọ́ọ̀nù sí i rárá.

Orí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tí a ti ń lọ aṣọ kúìlìtì. Fóòmù ń rì, aṣọ á sì bá a rì, ẹ ó máa tẹ ìrún tuntun wọnú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń mú ti àtijọ́ kúrò. Tábìlì líle ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ́ ìbora òwú tàbí ti irun àgùntàn sórí rẹ̀. Irun àgùntàn ló dára jù, torí ó máa ń di ìgbóná mú, tí aṣọ á fi máa rí ìgbóná lókè àti nísàlẹ̀.

Sítáàṣì pákí

Sítáàṣì á mú kí aṣọ le bíi káàdì, kí rúlà lè jókòó lórí rẹ̀, kí àwọn ẹ̀gbẹ́ tó ń nà má sì lè nà mọ́. Kò yẹ kí ẹ ra èyí tó wà nínú agolo. Pákí ni àwọn alágbàfọ̀ wa ti ń lò látọjọ́ pípẹ́, òun náà ni àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ. Ẹ fi omi tútù po sítáàṣì pákí tó kún ṣíbí ìmùkọ kan, ẹ da omi híhó lé e bí ẹ ṣe ń rò ó títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ fi omi là á kó ṣàn, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ fọ́n ọn sí ẹ̀yìn aṣọ, ẹ jẹ́ kó wọlé dáadáa kí ẹ tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Bí ẹ bá kánjú, á máa bó sílẹ̀ bí èépá funfun, á sì jó mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù.

Kí ẹ tó gé aṣọ ni kí ẹ ṣe èyí, ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, torí omi sítáàṣì lè mú kí ìrépé súnkì. Ẹ má sì kó aṣọ tó ní sítáàṣì pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Aáyán àti kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fọ kúìlìtì náà bí ẹ bá ti parí rẹ̀.

Ní ti pé ká fọ aṣọ kí a tó gé e, èrò àwọn aránkúìlìtì kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ká fọ ankara àti àdìrẹ nígbà gbogbo. Òwú tuntun lè fi ìdá 3 sí 5 nínú 100 súnkì nígbà àkọ́kọ́ tó bá bọ́ sínú omi, aró sì lè ṣí lára rẹ̀ kó ba aṣọ funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fún un ní àfúnyí. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ sá a ní títẹ́, kí ẹ sì kó o nílẹ̀ kó tó gbẹ tán. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ lásìkò yẹn, ẹ kò nílò ike ìfọ́nmi kankan.

Ojú ìká tí kò lọ

Nígbà mìíràn ẹ ó ti ṣe gbogbo èyí, ìlà kan á ṣì wà láàárín aṣọ níbi tí wọ́n ti ká a. Ẹ da fínígà funfun àti omi pọ̀ ní ìdọ́gba, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun aṣọ bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ẹ fọ́n ọn sórí ìlà náà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Bí ìlà náà bá ṣì hàn, ẹ fi ọwọ́ pa á. Bí ọwọ́ kò bá gbọ́ ọ, tó jẹ́ pé ojú nìkan ló ń rí i, kì í ṣe ìrún mọ́. Àwọ̀ ló ti ṣí níbẹ̀ nítorí oòrùn tàbí nítorí fífi ara gbo ara ní ojú ìká, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè dá àwọ̀ padà. Ẹ gé e yọ, tàbí kí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀.

Lílò ó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní Gee's Bend, abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti fi ògbólógbòó aṣọ oko rán kúìlìtì. Níbi tí wọ́n ti tú àpò kúrò lára ṣòkòtò, àwọ̀ ibẹ̀ ṣókùnkùn ju ìyókù lọ, wọ́n sì jẹ́ kó hàn. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sí ilé ìkóhun-ọnà-sí ní Houston àti ní New York, ní 2006 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àwòrán kúìlìtì wọn sára sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́.

Bí ẹ bá ti rán ìpele mẹ́ta náà pọ̀ tán, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀. Bí ohun tó wà láàárín bá jẹ́ pọlísítà, ìgbóná á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ tàbí kó yọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ òwú, yóò súnkì nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ kúìlìtì náà, aṣọ òkè á sì hunjọ wínníwínní yí ojú ìrán kọ̀ọ̀kan ká. Ọ̀pọ̀ aránkúìlìtì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí kúìlìtì rọ̀ lára. Ní ti àwọn aṣọ tí ẹ ti lọ̀ tí ẹ kò tíì gé, ẹ má ká wọn mọ́. Ẹ yí wọn mọ́ ara páálí roboto tí wọ́n fi ń ká ankara ní ìsọ̀ aláṣọ. Bí ẹ bá bẹ oníṣòwò náà dáadáa, á fún yín ní ọ̀kan.